"Jẹ́ Kí Bàbá Ẹ Dé": Ọwọ́ Ìyá àti Ọwọ́ Bàbá Lára Ọmọ

Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí ìyá ń gbà tọ́ ọmọ àti ọ̀nà tí bàbá ń gbà tọ́ ọ, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ àti ibi tí wọ́n ti jọra. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé náà ni mo ti ń rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ibì kan náà ni ọkàn mi sì máa ń padà sí. Gbólóhùn kan ni. Kò sí ẹni tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò gbọ́ ọ rí: "Jẹ́ kí bàbá ẹ dé."

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ta ló ń sọ ọ́? Ìyá ni. Ìgbà wo ló ń sọ ọ́? Ìgbà tí bàbá ò sí nítòsí. Kí ló fi ń dẹ́rù ba ọmọ? Ọkùnrin kan tó wà níbi iṣẹ́, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń dárúkọ òun, tó ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, inú gbólóhùn yìí ló wà.

Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi, ní Òkè-Àdó. Akọ̀wé ni bàámi ní ọ́fíìsì rélùwéè tó wà ní Dùgbẹ̀. Màámi ń ta ẹlùbọ́ níwájú ilé. Bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti kọjá, etí wa á ti wà lójú ọ̀nà. Kí alùpùpù bàámi tó yà sí àdúgbò wa la ti máa ń mọ ìró rẹ̀. Bọ́ọ̀lù á wọ abẹ́ àga, ìwé á jáde, ẹni tó ń sunkún á dákẹ́, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín náà á dákẹ́. Ọkùnrin tó ti ń kọ̀wé láti àárọ̀, tí òòrùn ti pa bọ̀ láti Dùgbẹ̀, á wọlé, ilé á sì pa lọ́lọ́. Wọ́n á béèrè pé, "Ṣé kò síjà lónìí?" A ó ní kò síjà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹun. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn lè máa dun ẹni tó ń bá a nílé lójoojúmọ́. Mo ti di bàbá ọmọ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Bí mo bá sì ní kí n ka ìnà tí mo jẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, bàámi ò nà mí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ títí mo fi kúrò nílé wọn. Màámi lè nà mí lẹ́ẹ̀mẹrin kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Orógùn tí wọ́n fi ń ro àmàlà kì í jìnnà sí wọn. Bí wọn ò bá rí orógùn, àtẹ́lẹwọ́ wà. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ wọn, ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. "Ọwọ́ wo lo fi gbà á yẹn? Dá a padà, kí o fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á." "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nìyẹn? Padà sí ẹnu ọ̀nà, kí o wọlé lẹ́ẹ̀kejì." "Ta ló ní kí o jókòó nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń gbálẹ̀?" Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ìbáwí báyìí lè tó ogójì. Ohun tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í dẹ́rù bani mọ́. Ọmọ ń mí i símú bí afẹ́fẹ́ ni. Ti bàbá ló ṣọ̀wọ́n, èyí tó sì ṣọ̀wọ́n náà ni ọmọ ń gbọ̀n fún.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìyá ló rọ̀, pé bàbá ló le, ẹ bi í pé ilé ta ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ bàbá di ohun ẹ̀rù? Ìyá náà ni. Ẹnu ni wọ́n fi mọ bàbá wa bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ mọ ògiri, ipele kan lónìí, ipele kan lọ́la, títí ó fi ga ju orí ọmọ lọ. Mi ò sọ èyí láti fi bú ìyá. Obìnrin tó wà pẹ̀lú ọmọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń tajà, tó ń dáná, tó ń fọṣọ, ó nílò ohun tí yóò fi pa ariwo mọ́lẹ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ bá ti tán. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà nítòsí, ó sì lò ó.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti jọra jù lọ ni ojú. Ẹ rántí ọjọ́ tí màmá mú yín lọ kí ẹbí, tí wọ́n gbé àwo ẹran síwájú yín. Kí ọwọ́ yín tó gbéra, ojú yín á kọ́kọ́ lọ sójú màmá. Bí ojú náà bá ṣẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹ ti yó nìyẹn: "Ẹ ṣé mà, mo ti jẹun kúrò nílé." Bàbá náà ń lo ojú, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe ń lò ó. Ojú ìyá máa ń sọ ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe: má gbà á, dìde fún wọn, lọ kí wọn. Ojú bàbá kàn ń sọ pé mo ti rí ọ. Ọmọ náà ló kù tó máa wá inú ara rẹ̀ lọ, kó fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ṣe. Ẹ̀kọ́ ni àwọn méjèèjì. Mi ò mọ èyí tí mo lè yọ kúrò nínú ayé mi kí n ṣì jẹ́ ẹni tí mo jẹ́.

Kí ló wá fà á tí ìyá fi ń bá ọmọ wí lemọ́lemọ́, tí bàbá sì ń takété? Ìdí kan wà tí àwa tí a ń gbé fúláàtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Nínú agbo ilé àtijọ́, àlejò ni ìyàwó. Ọmọ tí wọ́n bí sílé ọkọ rẹ̀ kí ó tó dé, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń wá orúkọ ẹ̀yẹ fún àwọn ọmọ ilé: Awẹ́lẹ́wà, Adúmáradán, Akọ̀wé. Ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bá bí sínú ilé náà, ìdílé ọkọ ló ni ín. Bí ọmọ náà bá dára, wọ́n á ní ó jọ bàbá rẹ̀. Bí ó bá yà bàrá, ìyá ni wọ́n á kọjú sí. Ọmọ tó dáa ni ti bàbá, èyí tí kò dáa ni ti ìyá: a ti sọ ọ́ di òwe, a ń fi í rẹ́rìn-ín níbi àríyá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí wọ́n ti dá kí wọ́n tó gbọ́ ẹnu ẹlẹ́jọ́ ni. Obìnrin tó mọ̀ pé òun ni wọn yóò pè bí ọmọ bá bàjẹ́ kò lè fi ìbáwí di ọ̀la.

Bí orogún bá wà, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Èdè wa ya àwọn ọmọ ọkùnrin kan sọ́nà méjì: iyèkan ni àwọn tí ìyá kan náà bí, ọbàkan ni àwọn tí bàbá nìkan so pọ̀. Nígbà tí bàbá bá kú, ìdí igi ni wọ́n fi ń pín ogún rẹ̀. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ fún un jẹ́ ìdí igi kan, wọn kì í wo iye ọmọ tó bí. Ẹjọ́ ogún kan láti Èkó, ti Dawodu àti Danmole, rìn títí dé ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí igi ni àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ní orí-ò-jorí, ìyẹn pípín in lórí iye ọmọ, jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò bí ìjà bá wáyé. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: bàbá tí a ní òun ni orí ilé, ìdí ìyá ni wọ́n tún fi ń ka àwọn ọmọ rẹ̀.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀. Ìyá ń tọ́ ọmọ inú ara rẹ̀, ojú gbogbo agbo ilé sì wà lára rẹ̀. Bàbá ń tọ́ ọmọ gbogbo ìyàwó, kò sì gbọdọ̀ hàn pé ó fẹ́ràn ìdí igi kan ju èkejì lọ. Bí ó bá gbé ọmọ ìyá kan jó lágbàlá, ọmọ ìyá kejì ń wò ó láti ojú fèrèsé, ìyá ọmọ náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Títakété tí bàbá ń takété sí gbogbo wọn, àìfẹ́ kọ́. Ọgbọ́n ni, òun ló ń mú kí ilé tòrò. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ bàbá òde òní tó ní ìyàwó kan àti ọmọ méjì nínú fúláàtì yàrá mẹ́ta ṣì ń takété bẹ́ẹ̀, láìsí orogún tí wọ́n ń ṣọ́ra fún, láìsí agbo ilé tí wọ́n ń pa àlàáfíà rẹ̀ mọ́. Wọ́n jogún ìjìnnà, wọn ò jogún ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Abẹ́òkúta, nítorí pé a ní ìtàn ìdílé méjì níbẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni ọ̀wọ̀ Israel Oludotun Ransome-Kuti ni ọ̀gá Abeokuta Grammar School, òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ olùkọ́ Nàìjíríà, NUT. Ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ, ẹ ó rò pé ọ̀gá ilé ìwé yìí ni yóò máa na ọmọ, tí ìyá yóò máa gbà á sílẹ̀. Fẹlá, ọmọ wọn, sọ ọ́ fún Carlos Moore, ẹni tó kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1982, pé àwọn méjèèjì ló nà òun, ọwọ́ ìyá òun kò sì fúyẹ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá ní oṣù Kejì ọdún 1977, tí wọ́n ṣe ìyá rẹ̀ léṣe, tí ìyá náà sì kú ní 1978, pósí ni ọmọ yìí gbé lọ síwájú Dodan Barracks, níbi tí olórí ìjọba wà nígbà náà. Ẹni tó nà án náà ló lọ gbẹ̀san rẹ̀ lójú ìbọn.

Ní Abẹ́òkúta kan náà, ní Àké, ni Wọlé Ṣóyínká ti dàgbà. Nínú ìwé Aké tó gbé jáde ní 1981, Essay ló ń pe bàbá rẹ̀, láti inú S. A. tó ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sì sọ ní Wild Christian. Ìyá ní ṣọ́ọ̀bù, yàrá rẹ̀ kún fún ẹrù, ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ ń sùn síbẹ̀ lórí ẹní. Yàrá bàbá wà létòlétò, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí mo bá ka ìwé náà, ohun tí mo máa ń rí ni ọmọ kan tó ń rìn láàárín yàrá méjì. Lórí ẹní ìyá ló ti mọ ènìyàn. Lẹ́nu iyàn bàbá ló ti mọ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní kí a sọ èyí tó tọ́ ọ jù, ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn ló bi wá.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe òdodo sí àwọn bàbá tí wọ́n takété. Ọwọ́ wọn wà níbi tí ọmọ ò ti lè rí i. Ọmọ ọdún 11 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀, Ṣópólú, kú ní 1920, ilé ìwé tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ sì di ohun tó ń fi iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ, ìgbà tí bàbá bá kú ni wọ́n tó ń rí i pé ohun kan ti ń gbé àjà dúró lórí wọn látọjọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ń gbé àjà yẹn pẹ̀lú bàbá, tí wọ́n ń fi èrè ẹlùbọ́ àti ti aṣọ san owó ilé ìwé, tí wọ́n á sì sọ fún ọmọ pé bàbá rẹ ló san án. Màámi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Ìgbà tí bàámi kú ni wọ́n tó sọ fún mi.

Àwọn onímọ̀ òyìnbó náà ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní Berkeley ní California, láti àwọn ọdún 1960 sókè, Diana Baumrind wo àwọn ọmọ jéléósinmi àti òbí wọn, ó sì rí oríṣi òbí mẹ́ta: ẹni tó le tí kì í ṣàlàyé, ẹni tó fẹ́ràn ọmọ tí kì í dá a lẹ́kun, àti ẹni tó fi ìlànà lélẹ̀, tó dúró ti ìlànà náà, síbẹ̀ tó ń gbọ́ ohùn ọmọ. Ní 1983, Eleanor Maccoby àti John Martin fi ẹ̀kẹrin kún un, òbí tí kò bìkítà. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìyá, kò sí bàbá nínú orúkọ àwọn oríṣi wọ̀nyí. Ẹnikẹ́ni lè bọ́ sínú èyíkéyìí. Ẹ̀kẹrin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé bàbá tó takété láìnídìí kì í mọ ìgbà tí òun kúrò ní ẹni tó le, tí òun bọ́ sí ẹni tí kò bìkítà. Lójú tirẹ̀, òun ṣì ni bàbá tí wọ́n ń bẹ̀rù. Lójú ọmọ, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Àwọn kan á ní Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀, pé ìyá ló ní ọmú, ìyá ló ní ọ̀já. Òótọ́ ni pé wàrà ò sí láyà ọkùnrin. Òótọ́ sì ni pé ọ̀nà ìṣeré wọn yàtọ̀: bàbá ló ń ju ọmọ sókè tó ń hán an, tí àyà ìyá ń já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n onímọ̀ kan, Barry Hewlett, gbé láàárín àwọn Aka, àwọn ọdẹ inú igbó ní Central African Republic àti Congo, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdajì ọjọ́ ni bàbá Aka fi ń gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ra tàbí kó wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o. Iṣẹ́ wọn ló fà á. Tọkọtaya ló jọ ń fi àwọ̀n dọdẹ, ọmọ sì ń bá wọn lọ. Ní 2011, Lee Gettler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin 624 ní Philippines. Nígbà tí ọkùnrin di bàbá, èròjà testosterone inú ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì kéré jù lára àwọn tó ń fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tọ́jú ọmọ lójúmọ́. Ara bàbá náà ń gbọ́ ìpè ọmọ, bí a bá jẹ́ kó sún mọ́ ọn.

Mo ti fojú ara mi rí èyí kí n tó kà á níbikíbi. Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò màámi bímọ ní Ìsẹ́yìn, màámi sì lọ bá a wẹ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò. Àwa mẹ́ta la kù sọ́wọ́ bàámi. Àmàlà àkọ́kọ́ tí wọ́n rò fún wa, kókó ló kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi bí wọ́n ṣe ń da ẹlùbọ́ sínú omi gbígbóná hàn wọ́n, bàámi sì dúró tì í, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Lálẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n lè rán pé kó lọ fi wá sùn, àwọn fúnra wọn ń wá jókòó sórí ẹní wa. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé bàbá tiwọn kú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, pé àbúrò bàbá ló tọ́ wọn, pé wọn ò mọ bí bàbá ṣe ń bá ọmọ ṣeré nítorí pé wọn ò rí i rí. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé síta, láìgbé ohùn sókè. Ẹ̀gbọ́n mi fà mọ́ wọn. Wọn ò ní kó sún.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ìró alùpùpù yà sí àdúgbò, àbúrò mi sáré jáde lọ pàdé rẹ̀. Mo rántí bí ẹnu ṣe yà mí. Kò sí ẹni tó ń sọ fún wa pé jẹ́ kí bàbá ẹ dé. Bàbá kàn ń dé ni, lójoojúmọ́.

Màámi padà dé, ilé sì padà sí bó ṣe wà. Kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Màámi gba orógùn wọn, bàámi gba ìwé ìròyìn wọn. Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi fọ́ àwo kan, mo sì gbọ́ gbólóhùn náà láti ilé ìdáná. Bàámi wà nínú pálọ̀. Mo wò wọ́n. Wọ́n ṣí ìwé ìròyìn sí ojú ewé mìíràn.

Mi ò dá màámi lẹ́bi, mi ò sì dá bàámi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èmi tí mo rí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ò lè gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ọkùnrin ò lè ṣe é. Bàámi ṣe é. Ààyè rẹ̀ ni ilé wa kò ní.

Ìjọba pàápàá kò tíì fi bẹ́ẹ̀ wá ààyè fún un. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin tó bá bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12. Ní 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá di bàbá ní ọjọ́ 10. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fún tirẹ̀ ní ọjọ́ 14. Mo mọ àwọn bàbá tó fi ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣe ìpalẹ̀mọ́ ìkómọ, tí wọ́n ń wá àga, tí wọ́n ń wá kánópì, tí ọmọ sì wà nínú yàrá lọ́dọ̀ ìyá àti ìyá ìyá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbí, bí ẹ bá gba ìsinmi yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ ọmọ. Ìyá yín á ní ẹ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ tiyín ni pé kí ẹ parí ìbáwí tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ yín ní aago mẹ́wàá àárọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kí ẹ bá a yanjú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹjọ́ náà dé ìrọ̀lẹ́, ọmọ ti gbàgbé ohun tó ṣe, bàbá ò sì mọ ohun tó ń nà án fún. Ó ti di adánilẹ́jọ́ tí kò gbọ́ ẹjọ́. Nípa pàṣán fúnra rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Scotland mọ̀ pé òfin ti kà á léèwọ̀ láti 2020, àti ní Wales láti 2022. Àwa tí a wà nílé ò gbọdọ̀ dúró de òfin. Nínú gbogbo ohun tí àwọn òbí mi fi kọ́ mi, èyí tí mo tètè gbàgbé jù ni èyí tí wọ́n fi orógùn kọ́.

Ẹ fetí sí ẹni tó bá kọsẹ̀ lójú títì. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n, bí èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbá òkúta, "Yéè, ìyá mi o!" ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú láti ogún ọdún. Ẹni tó máa ń fọ ojú egbò fún wa ni ẹnu ń pè, kí orí tó rò ó. Ọmọ tó nílò olùṣọ́ máa ń pe bàbá. Ọmọ tí nǹkan ń dùn máa ń pe ìyá. Mo máa ń rò ó pé bóyá bí ayé ṣe rí nìyẹn, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti ń yí padà lójú wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó bá gba físà láti lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó níbẹ̀ kò lè kó ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ lọ mọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà. Àwọn ìyá lọ, bàbá àti ọmọ kù sílé. Ẹ yẹ àdúgbò yín wò, ẹ ó rí wọn: ọkùnrin tó ń gbé abọ́ oúnjẹ ọmọ lọ sí ilé ìwé, ọkùnrin tó dúró níwájú tíṣà tó ń béèrè pé màmá ọmọ náà ńkọ́.

Ọ̀kan wà ní àdúgbò mi. Ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó lókè òkun, òun sì wà pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Onídìrí wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ̀, ó ní màmá òun ló ń dì í fún òun. Ni bàbá bá jókòó sórí àpótí, ọmọ jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀, wọ́n gbé fóònù ti ìgò omi, ìyá ń wò wọ́n láti ọ̀nà jíjìn: "Dádì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Rárá, ẹ yà á kó gún. Ẹ má fà á le, orí ń dùn ún." Irun pàtẹ́wọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́ta, ìlà orí náà wọ́ bí ipa ọ̀nà oko, ọmọ náà sì gbé e lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú ìgbéraga.

Ọkùnrin yìí sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan tí ọmọ náà ṣe oríkunkun, ohun tó jáde lẹ́nu òun ni, "Jẹ́ kí màmá ẹ pè." Ó ní bí òun ṣe sọ ọ́ tán, òun jókòó. Ó ní ohùn ìyá òun ni òun gbọ́ lẹ́nu ara òun. Ó pe ọmọ náà padà, ó ní, "Ó dáa, wá. Èmi àti ìwọ la máa sọ ọ́."

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba iwájú ilé wọn kọjá. Ọmọ náà ń sá eré, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá etí gọ́tà. Ó di ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà mú, ó la ẹnu, igbe rẹ̀ sì dé òdìkejì títì: "Yéè, dádì mi o!"